Ọjọ́ Mẹ́fà Ìṣẹ̀dá àti Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì: Kí Ni Kí Olùtumọ̀ Ṣe?

Ẹ kà: Jẹ́nẹ́sísì 1 àti 2, Jóòbù 38, Orin Dáfídì 19.



Bóyá ni orí kan wà nínú Ìwé Mímọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń tìtorí rẹ̀ bi àwọn àgbà ìjọ ní ìbéèrè tó orí kìn-ín-ní ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ọmọ tí ó kọ́ ní ilé ìwé ní ọjọ́ Ajé pé ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé ju bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún lọ, tí ó sì gbọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi pé ọjọ́ mẹ́fà péré ni a fi dá ohun gbogbo, kò lè ṣe kí ó má béèrè pé: ta ni ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Bí a bá dá a lóhùn pé kí ó ṣáà gbàgbọ́, kí ó má sì béèrè mọ́, ẹnu rẹ̀ lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì yóò dákẹ́. Púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n sì fi Bíbélì sílẹ̀ sí ilé bàbá wọn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Ọlọ́run. Àwa ni a sọ fún wọn pé kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjì. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ yan ìjọ, wọ́n sì ń bẹ̀rù ìmọ̀ bí ẹni pé ìmọ̀ jẹ́ ọ̀tá Ẹlẹ́dàá.

Ọ̀ràn yìí kan àwa tí ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ jù bí ènìyàn ti lè rò lọ. Nítorí ìfẹ́ tí a ní sí Ìwé Mímọ́, ìdánwò lè dé bá wa láti ran Ọlọ́run lọ́wọ́: kí a yí ọ̀rọ̀ kan díẹ̀ níhìn-ín, kí a fi òmíràn bò ó lọ́hùn-ún, kí ìwé àtijọ́ lè dà bí ìwé tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ lánàá. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run àti pẹ̀lú làákàyè tí òun tìkára rẹ̀ fi fún wa.

ÈKÍNÍ: KÍ NI ÌWÉ NÁÀ WÍ NÍ TÒÓTỌ́?

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a tumọ̀ sí ọjọ́ ni yom. Ní orí kìn-ín-ní, ẹsẹ 5, ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ìmọ́lẹ̀ tí a yà kúrò lára òkùnkùn. Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n tumọ̀ Bíbélì wa ṣe pè é ní ọ̀sán. Kí ẹsẹ náà tó parí, ọ̀rọ̀ kan náà ti di àpapọ̀ àṣálẹ́ àti òwúrọ̀, èyí tí wọ́n pè ní ọjọ́. Nígbà tí a bá sì dé orí kejì, ẹsẹ 4, yom kan ṣoṣo kó gbogbo iṣẹ́ ìṣẹ̀dá sínú. Ìtumọ̀ mẹ́ta ni èyí láàárín orí kan àti ẹsẹ díẹ̀. Èdè tiwa pẹ̀lú kò yàtọ̀. Bí àgbàlagbà bá gbàdúrà fún ọmọ pé kí ọjọ́ rẹ̀ dalẹ́, kò sí ẹni tí yóò wo aago.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi èyí gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àwọn kan wí pé, níwọ̀n bí yom ti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, kí a kúkú kọ ọ́ pé sáà mẹ́fà ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Ìwé náà kò gbà fún wọn. Àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ ni ó fi pààlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìsinmi ọjọ́ keje ni ó sì fi parí rẹ̀. Ẹ́kísódù 20:11 sì gbé òfin ìsinmi wa ka orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ni ẹni tí ó kọ̀wé yà sí ojú wa, bí ti àgbẹ̀ tí ń lọ sí oko tí ó sì ń darí wálé láti sinmi. Ọjọ́ ni ó kọ. Ọjọ́ náà sì ni kí olùtumọ̀ kọ.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé: kí ni ọ̀sẹ̀ tí a yà bẹ́ẹ̀ wà fún? Ìwé náà tìkára rẹ̀ fún wa ní àmì. Ọjọ́ kẹrin ni òòrùn tó yọ, ṣùgbọ́n àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ ti ń bẹ láti ọjọ́ kìn-ín-ní wá. Kò di ìgbà tí a kọ́ sáyẹ́ǹsì kí a tó rí i pé ọ̀ràn ńlá ni èyí. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí, ẹni tí ó kú ní ọdún 430, rí i, ó sì pinnu pé ọjọ́ wọ̀nyí kò lè jẹ́ irú ọjọ́ tí òòrùn ń wọ̀n fún wa. Ọmọ Áfíríkà ni, kò sì sí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan tí ń lé e nígbà náà.

Ẹ wo bí a ti to àwọn ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, Ọlọ́run ya ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn; ní ọjọ́ kẹrin, ó fi àwọn ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run sí ipò wọn. Ní ọjọ́ kejì, ó ya omi òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó fi ẹja àti ẹyẹ kún ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ gbígbẹ hàn. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹranko àti ènìyàn ń gbé orí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi kọ́ ilé, ọjọ́ mẹ́ta ni ó sì fi kó àwọn onílé wọlé. Ètò ni èyí, kì í ṣe ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí.

Ẹ tún wo orí kejì. Ní orí kìn-ín-ní, ewéko àti ẹranko ṣáájú ènìyàn. Ní orí kejì, a mọ ọkùnrin kí a tó gbin ọgbà àti kí a tó mọ ẹranko. Àwọn tí wọ́n fi orí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kì í ṣe afọ́jú. Bí ó bá jẹ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìgbà ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa, ọ̀kan nínú àwọn orí náà ni wọn ì bá fi sílẹ̀. Wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀ nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Orí kìn-ín-ní fi Ọlọ́run hàn bí ọba tí ń pàṣẹ. Èkejì fi í hàn bí amọ̀kòkò tí ọwọ́ rẹ̀ kan amọ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a tumọ̀ sí mọ ní ibẹ̀, ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò gan-an ni.

ÈKEJÌ: TA NI A KỌ Ọ́ SÍ?

Ọ̀rọ̀ tí a tumọ̀ sí òfurufú ni raqia. Láti inú iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó ti wá: kí a fi òòlù na irin títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lójú àwọn ará ìgbàanì, ojú ọ̀run le bí àwo tí a dà dé ayé lórí, omi sì ń bẹ ní òkè rẹ̀. Jóòbù 37:18 fi í wé dígí tí a fi irin dídà ṣe. Òfurufú ti Bíbélì wa fúyẹ́ ju ọ̀rọ̀ Hébérù náà lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ ẹnu wa. Bí olùtumọ̀ kan bá wá fi “ìpele afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká” rọ́pò rẹ̀, ó ti fi ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kò sọ sí i lẹ́nu. Ọlọ́run kò dúró kí Ísírẹ́lì kọ́kọ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ kí ó tó bá wọn sọ̀rọ̀. Abẹ́ ọ̀run tí ojú wọn rí ni ó ti pàdé wọn.

John Calvin rí èyí kedere nínú àlàyé rẹ̀ lórí Jẹ́nẹ́sísì, tí ó jáde ní 1554. Ìwé náà pe òṣùpá ní ìmọ́lẹ̀ ńlá, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ sì ti fi hàn pé Saturn tóbi ju òṣùpá lọ fíìfíì. Calvin kò bá wọn jà. Ó wí pé Mósè kọ̀wé fún gbogbo ènìyàn, fún ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù, ní ọ̀nà tí ojú wọn gbà ń rí ohun gbogbo, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ kí ó lọ sí ibòmíràn. Àwa náà ń wí pé òòrùn là, òòrùn sì wọ̀, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé ayé ni ń yí. Kò sí ẹni tí ó pè wá ní òpùrọ́.

Ẹ sì jẹ́ kí a rántí àwọn aládùúgbò Ísírẹ́lì. Ní 1876, George Smith tẹ ìtumọ̀ ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn ará Bábílónì jáde, láti inú wàláà amọ̀ tí a hú jáde ní Nínéfè. Nínú ìtàn náà, àwọn òrìṣà jagun. Marduk pa Tiamat, ó la òkú rẹ̀ sí méjì, ó sì fi apá kan ṣe ọ̀run. Ẹ̀jẹ̀ òrìṣà tí a pa ni a fi dá ènìyàn, kí ó lè máa ru ẹrù làálàá dípò àwọn òrìṣà. Bábílónì yìí kan náà ni ó kó Júdà ní ìgbèkùn lẹ́yìn ìṣubú Jerúsálẹ́mù, ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹ gbé Jẹ́nẹ́sísì ka ẹ̀gbẹ́ èyí, ẹ ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sí ogun. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni. Òòrùn àti òṣùpá, tí àwọn orílẹ̀-èdè ń forí balẹ̀ fún, kò tilẹ̀ gba orúkọ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni a pè wọ́n, a sì fún wọn ní iṣẹ́ ṣe bí ìránṣẹ́. Ènìyàn kì í ṣe ẹrú àwọn òrìṣà; àwòrán Ọlọ́run ni, akọ àti abo. Ìhìn rere ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn. Ẹni tí ó bá ń wá iye wákàtí nínú rẹ̀ ti ṣí ìṣúra, ó sì ń ka ìṣó tí a fi kan àpótí rẹ̀.

Ẹ̀KẸTA: KÍ NI ÀWỌN IṢẸ́ ỌWỌ́ ỌLỌ́RUN Ń SỌ?

Ní 1650, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà James Ussher ti ilẹ̀ Ireland ṣírò ọjọ́ orí àwọn baba ńlá inú Bíbélì, ó sì parí rẹ̀ sí pé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Kristi ni a dá ayé. Ọ̀mọ̀wé olóòótọ́ ni, ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó fi ṣiṣẹ́. A sì tẹ ọdún náà sí etí ojú ìwé ọ̀pọ̀ Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì, títí àwọn ènìyàn fi rò pé ara Ìwé Mímọ́ ni. Kò sí ẹsẹ kan tí ó kọ ọ́.

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí tí ó yàtọ̀. Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ilẹ̀ tí ó di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ó sì kan ọkọ̀ ojú omi tí a fi igi gbẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí a wọn ọjọ́ orí rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 8,000 ọdún. Ní Ihò Eléérú, ní agbègbè Àkúrẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn tí Thurstan Shaw kó sòdí hú egungun ènìyàn jáde ní 1965. Ó ti ju 11,000 ọdún lọ. Àwọn òkè Ìdànrè tí a ń gùn wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 4.5 ọdún, ti gbogbo àgbáńlá ayé sì jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Bí a bá mọ bí àbẹ́là ti gùn tó nígbà tí a tàn án, àti bí ó ti ń jó tó ní wákàtí kan, a lè wo èyí tí ó kù kí a sì mọ ìgbà tí a tàn án. Bẹ́ẹ̀ ni irú uranium kan tí ń bẹ nínú òkúta ń di òjé díẹ̀díẹ̀. Ìdajì rẹ̀ gba nǹkan bí bílíọ̀nù 4.5 ọdún kí ó tó yí padà. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ń jẹ́rìí. Ó ń sáré ní nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ èyí tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Andromeda bọ̀ ti wà lójú ọ̀nà fún nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ọdún kí ó tó dé ojú wa.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n orí ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn kan wí pé Ọlọ́run lè dá òkúta ní gbígbó, kí ó sì dá ìmọ́lẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ti agbára. Ti ìwà rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ìròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni ó kọ sí ojú ọ̀run, tí ó sì fi egungun ẹ̀dá tí kò gbé ayé rí sínú ilẹ̀. Ẹni tí ó kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké, òun ha lè jẹ́rìí èké bí? Orin Dáfídì 19 kọ́kọ́ gbé ẹ̀rí ọ̀run kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó yin òfin Olúwa, nínú orin kan náà. Ọlọ́run kan ni ó ni ẹ̀rí méjèèjì.

Ẹ̀KẸRIN: KÍ A ṢỌ́RA NÍ Ọ̀TÚN ÀTI NÍ ÒSÌ

Ìjọ ti ṣubú sí òsì rí. Ní 1633, ilé ẹjọ́ ìjọ ní Róòmù dá Galileo lẹ́bi nítorí ó ní ayé ni ń yí òòrùn ká. Jóṣúà 10 àti Orin Dáfídì 104 wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Ní 1992, Póòpù John Paul Kejì jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn onídàájọ́ náà ṣìnà. Jóṣúà kò ṣìnà. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di olùkọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ni ó ṣìnà. Augustine ti kìlọ̀ tipẹ́ pé bí onígbàgbọ́ bá ń sọ ìsọkúsọ nípa ohun tí aláìgbàgbọ́ mọ̀ dájú, tí ó sì ń fi Ìwé Mímọ́ tì í lẹ́yìn, aláìgbàgbọ́ náà kì yóò gba Ìwé Mímọ́ gbọ́ nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀ àjíǹde àti ìyè àìnípẹ̀kun.

Ṣùgbọ́n ọ̀tún pẹ̀lú ní kòtò. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni Georges Lemaître ará Belgium. Ní 1927 ó fi ìṣirò hàn pé àgbáńlá ayé ń fẹ̀ sí i, ní 1931 ó sì dá a lábàá pé láti inú ohun kíkéré kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ dùn, wọ́n ní sáyẹ́ǹsì ti fi ìdí Jẹ́nẹ́sísì múlẹ̀. Lemaître kò fara mọ́ ọn. Kò fẹ́ kí a fi ìṣirò òun ṣe òpó ìgbàgbọ́. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀mííràn. Bí a bá so ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ ìṣirò òní, kí ni a ó wí bí a bá tún ìṣirò náà ṣe lọ́la?

Kí a má sì fi Ọlọ́run sí inú àlàfo ìmọ̀ wa nìkan. Bí ó bá jẹ́ ibi tí a kò mọ̀ nìkan ni a ti ń rí i, gbogbo ohun tuntun tí a bá mọ̀ ni yóò máa gé oko rẹ̀ kù. Àgbẹ̀ tí ó mọ̀ pé oru omi ni ó gòkè lọ di òjò, síbẹ̀ ń dúpẹ́ fún òjò. Ọpẹ́ rẹ̀ kò dín nítorí pé ó mọ ọ̀nà tí òjò gbà wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlù ṣe àpẹẹrẹ. Bí onílù bá ń lu dùndún ní ẹnu ọ̀nà ààfin, ẹni kan lè ṣe àlàyé igi tí a fi gbẹ́ ẹ, awọ tí a fi bò ó, àti bí ọṣán rẹ̀ ti ń mú ohùn lọ sókè sódò. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ láìku ẹyọ kan. Ẹlòmíràn sì lè sọ pé: oríkì ọba ni ó ń kì. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú, àwọn méjèèjì kò sì ní ìjà. Ẹni tí ó wọn awọ kò lè tìtorí ìwọ̀n rẹ̀ sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ nínú ìlù. Ẹni tí ó gbọ́ oríkì kò sì lè tìtorí rẹ̀ kọ́ agbẹ́gilére bí a ti ń gbẹ́ igi.

Ẹ̀KARÙN-ÚN: ÈNÌYÀN ŃKỌ́?

Níhìn-ín ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ jù lọ. Láti 1859 tí Charles Darwin ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ni ẹ̀rí ti ń pọ̀ sí i pé àwọn ẹ̀dá alààyè bá ara wọn tan, àti pé wọ́n yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn ará wa kan kò gba èyí títí di òní, a kò sì gbọdọ̀ gàn wọ́n. Àwọn mìíràn gbà á láìfi Kristi sílẹ̀. Francis Collins, tí ó ṣe olórí iṣẹ́ ńlá kíka àbùdá ènìyàn tí ó parí ní 2003, ń jẹ́wọ́ Olúwa ní gbangba.

Kí olùtumọ̀ ṣàkíyèsí ohun tí Ìwé Mímọ́ ti wí. Ilẹ̀ ni Ọlọ́run pàṣẹ fún láti mú ẹranko jáde. Ilẹ̀ kan náà ni a fi mọ ènìyàn, ní ọjọ́ kẹfà kan náà pẹ̀lú ẹranko. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó pe ènìyàn ní alààyè ọkàn ní 2:7, òun náà ni ó pe ẹranko bẹ́ẹ̀ ní 1:24. Nínú Bíbélì wa, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi tumọ̀ rẹ̀, ìbátan náà sì pamọ́. Adam fúnra rẹ̀ ti inú adamah wá, èyí tí í ṣe ilẹ̀. Ìwé Mímọ́ kò tijú pé a ti inú erùpẹ̀ wá. Kí ni ó dé tí àwa fi ń tijú? Iyì ènìyàn kò sí nínú ohun tí a fi mọ ọ́, bí kò ṣe nínú Ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n tí ó lè wọn èyí. Síbẹ̀ òun ni ó dá olówó lẹ́kun kí ó má ta tálákà bí ẹran, òun ni ó sì ní kí dókítà dìde ní òru nítorí ọmọ tí kò mọ̀ rí.

ÀMỌ̀RÀN

Nítorí náà, ẹ̀yin olùtumọ̀, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ máa jẹ́ ọjọ́, kí òfurufú sì máa jẹ́ òfurufú. Odidi Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá lé lórí, tí ó jáde ní 1884, kò di àgbà láàárín wa nípa fífi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ̀yin àlùfáà àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi, nígbà tí ọmọ bá béèrè, ẹ má ṣe lé e. Ẹ kà á pẹ̀lú rẹ̀, orí kìn-ín-ní àti èkejì, ẹ sì bi í pé: kí ni ìwé yìí ń kọ́ wa nípa Ọlọ́run, nípa ayé, àti nípa ọmọnìkejì wa? Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ́ sáyẹ́ǹsì yín dójú àmì. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá yín ni ẹ ń kọ́. Jóòbù béèrè ìbéèrè púpọ̀, Olúwa kò sì pa á nítorí pé ó béèrè. Inú ìjì ni ó ti fi bí òun ti tóbi tó hàn án, ó sì dá a láre níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n rò pé àwọn ń gbèjà Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, ìwọ tí ó mọ iye ìràwọ̀ tí o sì mọ orúkọ wa, gbà wá lọ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ń sá fún òtítọ́, àti lọ́wọ́ ìmọ̀ tí ń gbàgbé ìwọ. Fún àwọn tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ ní ọwọ́ tí kò yí i padà. Mú àwọn ọmọ wa tí ó ti jìnnà sí ọ padà wá, nípa Jésù Kristi, Ọ̀rọ̀ náà nípasẹ̀ ẹni tí a ti dá ohun gbogbo. Àmín.